Àwọn Àwo Inú Yàrá Oyíndà

Sátidé, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà 2024

Mo tún ti ra òmíràn. Mo ti búra, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ — mo tún rà á.

Láti Wakefield ní Bronx dé Manhattan, Ọ̀dàlẹ̀ ò jẹ́ n gbádùn. Orúnkún mi ọ̀tún ni mò ń pè ní Ọ̀dàlẹ̀. Èmi ni mo gbé e wá sí Amẹ́ríkà, èmi ni mò ń ra oògùn fún un, òun náà ló ń dà mí lórí àtẹ̀gùn tíréènì níṣojú gbogbo ayé. Mo di irin mú, mò ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Shirley ti ń retí mi nídìí tábìlì rẹ̀ ní ọjà àlòkù. Ìyá àgbà ará Harlem ni, nǹkan àtijọ́ ló ń tà, ó sì mọ àìsàn tó ń ṣe mí. Kò tíì kí mi tán tó ti fa nǹkan yọ lábẹ́ tábìlì tó ń tú bébà ara rẹ̀. Ó ní òun ò gbé e síta torí òun mọ̀ pé màá wá. Irọ́ ni. Ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, mi ò lè pa ẹnu dé mọ́.

Àwo tánńganran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti lé ní igba ọdún. Góòlù yí etí rẹ̀ ká. Láàárín, ewéko kan ṣoṣo — òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ewé mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ti ń gbẹ létí. Ẹni tó kùn ún rí i pé ó ń gbẹ, ó sì kùn ún bẹ́ẹ̀! Orúkọ ewéko náà wà lẹ́yìn àwo ní èdè Látìn, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwo náà ti là sí méjì rí, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Torí ìyẹn ni ọwọ́ mi fi tó o. Mo sọ ọ́ ní Àlejò.

Mo gbé e délé lórí itan mi. Mo wá ẹni tí màá fi hàn, kò sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ṣí ojú ibi tí mo ti máa ń kọ̀wé sí Oyíndà ọmọ mi lórí Wásáàpù, mo fi fọ́tò náà síbẹ̀. Ìka mi wà lórí ibi tí èèyàn ń tẹ̀. Mo wò ó títí. Mo pa á rẹ́.

Sọ́ńdè, 8

Ṣọ́ọ̀ṣì. Rédíò ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi. Joanna lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi àtọkànwá ni, ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ fún un láàárọ̀, gbogbo Bronx á ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán. Ó ní, “Ọmọ wa ńkọ́?” Mo ní ó wà dáadáa, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ó wò mí bákan. Mo yáa bẹ̀rẹ̀ sí í yin gèlè rẹ̀. Gèlè tó wọ́! Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mọ́ńdè, 9

Kò pè. Èmi náà ò pè é.

Wẹ́sìdé, 11

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú á rí ẹlòmíràn gbé wọn dìde. Ọ̀dàlẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mò ń ronú ọmọ mi.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Aaliyah ló jọ ń san rẹ́ǹtì. Bronx níbí ni mo bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ — ohùn rẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀. Nígbà kan ó sọ fún Àlùfáà wa pé ọkọ òun ti dẹnu kọlẹ̀ lójú títì, pé ńṣe ni wọ́n wọ́ ọ lọ. Ọkọ̀ ló ń sọ. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ! Àlùfáà ti ń wá Bíbélì rẹ̀. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi ń jáde lójú wa, òun gan-an rín jù wá lọ.

Ọjọ́ Àjíǹde ló dé ilé yìí kẹ́yìn. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó gbé báàgì lọ tààrà sí yàrá rẹ̀ — kò bá bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ló bá. Àwọn àwo mi, Ìyàwó, Aláṣejù, Jẹ́jẹ́ àti àwọn yòókù, tò sínú rẹ̀, iná kékeré ń tàn sí wọn lórí. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti fi àwo rọ́pò mi.”

Mo ní kí ló ń sọ. Ṣé kì í ṣe òun ló kó jáde? Ṣé yàrá òfìfo ni kí n máa wò láàárọ̀ láàárọ̀? Ó ní láti kékeré òun, òun ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwọn àwo yìí. Ó ní jẹ́jẹ́ ni mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, òun ni mo máa ń pariwo mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wọ̀ mí lára, ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo pariwo. Mo ṣì ń pariwo lọ́wọ́ nígbà tó gbé báàgì rẹ̀ tó jáde.

Bàbá rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí, tó wà ní Ìbàdàn báyìí pẹ̀lú ìyàwó tuntun tí kì í pariwo. Kó máa gbádùn ẹ̀ lọ! Gbogbo ẹni tí mo bá bínú sí ló máa ń gbé báàgì. Àwọn àwo nìkan ni kò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n máa fi lọ.

Mi ò ní parọ́ sínú ìwé ara mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, mi ò mọ èyí tí mò ń wò, bóyá òdòdó ni o, bóyá ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni.

Sátidé, 14

Òjò. Mi ò jáde.

Rédíò bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni mo rí nínú àwo Òyìnbó tí èèyàn ò lè bu ọbẹ̀ sí. Mo fi ẹ̀rín gbé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá mi gbin òdòdó síwájú ilé. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ — olùkọ́ tó ń bomi rin ohun tí kò ṣeé jẹ. Láàárọ̀, kó tó lọ síléèwé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo ewé kọ̀ọ̀kan, á yí i padà, á wo abẹ́ rẹ̀. Àwa ọmọ á dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì wa. Kì í yíjú. Mo máa ń jowú àwọn ewé yẹn.

Háà. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn tó kun àwo wọ̀nyí, bí ìyá mi ṣe ń wo ewé ni àwọn náà ṣe wò ó. Wọn ò sáré. Ibi tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n yà á. Ibi tó ti gbẹ, wọ́n yà á. Shirley tiẹ̀ ní bí àbàwọ́n kékeré bá jáde lára àwo nígbà tí wọ́n ń sun ún nínú iná, ńṣe ni ayàwòrán á ya labalábá tàbí ewé kan lé e lórí, kó lè lọ sọ́jà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju góòlù lọ. Jẹ́jẹ́ ní kòkòrò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó rẹ̀ búlúù, mo sì mọ̀ pé àṣìṣe ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Eruku ti bò wọ́n o. Láti ìgbà tí Ọ̀dàlẹ̀ ti dé, mi ò lè dúró pẹ́ kí n nù wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń dà sómi. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kànìnkànìn tó rọ̀, ọwọ́ fẹ́lẹ́. Orí dídán àwo ni góòlù àti àwọ̀ wọn wà, kò wọ inú. Ọṣẹ líle tàbí omi gbígbóná, wọ́n á ṣí lọ. Shirley kìlọ̀ èyí fún mi ní ọjọ́ tí mo ra Ìyàwó. Ó ní kí n fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun.

Túsìdé, 17

Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣí i. Wọ́n á yọ ohun tó ti jẹ nínú orúnkún, wọ́n á fi irin sí i. Túsìdé tó ń bọ̀. Kíá bẹ́ẹ̀? Ó ní ẹnì kan ti dá ọjọ́ tirẹ̀ dúró, àyè ti ṣí sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ló máa wà nílé pẹ̀lú mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn wà. Àwọn èèyàn wo?

Mo pe Rédíò. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni o, Joanna, mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi Ọlọ́run búra.

Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Bóyá ìdí tí mo fi pè é nìyẹn.

Tọ́sìdé, 19

Ó pè!

Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni mo wà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. Ó ń bínú — Àǹtí Joanna ló sọ fún òun, kí ló dé tí mi ò lè sọ fún òun fúnra mi, ṣé àlejò lòun ni. Mo ní mi ò fẹ́ dà á láàmú. Ó ní ẹ ti dà mí láàmú náà. Ó ní òun á gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun á wá dúró tì mí, ṣùgbọ́n òun ò lè dé kó tó di Túsìdé fúnra rẹ̀. Màá ti wà ní ọsibítù nígbà náà.

Ó ní, “Mọ́mì, níbo ni màá sùn?”

Olúwa mi o. Ọmọ mi ń bi mí níbi tí òun máa sùn nínú ilé tí mo ti tọ́ ọ dàgbà. Mo ní, “Nínú yàrá ẹ. Níbo tún ni?” Ó ní ó dáa. Ó ní kí n tọ́jú ara mi.

Fúráìdé, 20

Ó ń bọ̀. Mo kọrin níbi iṣẹ́. Ìyá kan tí mò ń wẹ̀ bi mí bóyá mo ti mu nǹkan.

Sátidé, 21

Olúṣèyí, ọkọ Rédíò, wá bá mi tún yàrá ṣe. Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Bí o bá gbé pẹ̀lú Rédíò, o ò ní rí àyè sọ̀rọ̀ náà. Ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde sí pálọ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ kan sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á wá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bá mi to bẹ́ẹ̀dì tuntun. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀ṣíìtì aláwọ̀ ewé sí i, ó fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo yàrá náà. Yàrá ọmọ mi ni o, kò jọ ilé ìtajà mọ́.

Àwọn àwo? Mo tò wọ́n sórí káńtà ní ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, aṣọ láàárín kọ̀ọ̀kan. Olúṣèyí bi mí pé ṣé kí òun kúkú kó wọn sínú díṣíwọ́ṣà kí wọ́n lè kúrò lójú ọ̀nà. Mo ní ìkòkò àti agbada mi ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ilé yìí, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fọ àwo yẹn ò fọ nǹkan kan rí. Ilé ìkòkò ni. Kí ni ọwọ́ wà fún? Olúṣèyí rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn nílé.

Mọ́ńdè, 23

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Irin nínú ẹsẹ̀ mi! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá padà délé, ẹnì kan á wà níbẹ̀. Mò ń sọ ìyẹn fún ara mi léraléra.

Wẹ́sìdé, 25. Ọsibítù

Àwo mi ti lọ.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lánàá, wọ́n ti ṣe ẹsẹ̀ tán, mo ti jí, oògùn tí wọ́n fún mi ṣì ń pa mí bí ọtí. Oyíndà pè mí láti ilé. Ó bi mí bí ara ṣe rí, mo ní a dúpẹ́. Ó wá ní, “Mọ́mì, mo ti fọ́ gbogbo àwo yín.”

Gbogbo. Kò ní ọ̀kan, kò ní méjì.

Mo rí wọn nílẹ̀ ìdáná wẹ́wẹ́, góòlù, ewé, gbogbo rẹ̀. Mò ń retí ariwo láti inú ara mi. Mo mọ ara mi, ṣebí èmi ni. Ariwo náà ò wá. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni pé, “Ṣé kò gé ẹ lọ́wọ́?”

Ó ní, “Hẹn?”

Mo ní, “Ọwọ́ ẹ. Ṣé kò gé ẹ? Fi í sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́. Àwo lásán ni, Oyíndà. Ìwọ ni mo ní.”

Mo gbọ́ tó ń fa imú. Ó ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì.” Nọ́ọ̀sì wọlé wá wo ìfúnpá mi, bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Láti òwúrọ̀ yìí ni mo ti ń sunkún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé. Aláṣejù tó fi pupa ṣe fáàrí. Jẹ́jẹ́ àti kòkòrò rẹ̀. Àlejò tí kò tiẹ̀ tíì mọ ilé. Nọ́ọ̀sì rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ó fi oògùn kún un. Mo gbà á. Ó dùn mí, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún ọmọ mi, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi, inú mi sì dùn sí ẹni tó sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé obìnrin yẹn wà nínú mi.

Wẹ́sìdé kan náà, ìrọ̀lẹ́

Ó wá kí mi. Ó ti rù. Tàbí ó ti pẹ́ tí mo ti wò ó dáadáa ni? Ó gbé ìrẹsì àti dòdò wá nínú kúlà, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ padà, mo wo àtẹ́lẹwọ́, mo wo ìka. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Mi ò béèrè bí wọ́n ṣe fọ́. Mo ti pinnu pé mi ò ní béèrè láé.

Ó ní òun ti rí yàrá. Ó ní òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, òun ò lè dìde. Ó ní ohun tí mo sọ lórí fóònù, òun ti ń retí rẹ̀ láti ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ṣùgbọ́n Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ń bi mí nípa ọwọ́ mi?”

Mo ní, “Torí o ní o fọ́ àwo.”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọ àwo.” Ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa ti òsì bí ẹni tó mú kànìnkànìn lọ́wọ́. “Pẹ̀lú omi. Pẹ̀lú ọṣẹ.”

Yéè! Mo wò ó. Ó wò mí. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rín títí ojú abẹ fi ń ta mí. Òun náà rín, ó ní, “Ẹ rò pé mo...? Gbogbo rẹ̀?” a tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wọ́ ọkọ rẹ̀ lójú títì! Nọ́ọ̀sì yọjú wò wá. Mo ní kò sí nǹkan, ọmọ mi ni, ọmọ mi ló wá kí mi.

Ó wá ń ṣàlàyé. Ó ní òun wọlé, òun bá àwo jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì pẹ̀lú eruku, òun sì sọ lọ́kàn pé ẹsẹ̀ ló jẹ́ kí Mọ́mì fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní ṣebí èmi ni mo kọ́ òun pé ọmọ kì í wọlé ìyá rẹ̀ kó bá àwo nílẹ̀ kó máa wò ó. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ní òun kó ìkòkò kúrò nínú díṣíwọ́ṣà, òun tò wọ́n sínú rẹ̀, òun yí i sí ibi tó gbóná jù, kí wọ́n lè mọ́ dáadáa.

Ẹ̀rín ṣì wà lójú mi. Mo fi í síbẹ̀, mi ò jẹ́ kó kúrò.

Ó ní, “Mọ́mì, nígbà tí ẹ rò pé mo fọ́ wọn, ohun tí ẹ sọ, ṣé tọkàntọkàn ni? Àbí oògùn ni?”

Mo ní tọkàntọkàn ni.

Tọ́sìdé, 26

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé lẹ́yìn ọ̀sán. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ó lè jẹ́ pé Shirley ń dẹ́rù bà mí lásán ni. Mò ń bẹ Ọlọ́run nítorí àwo, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀mí.

Fúráìdé, 27

Àárọ̀. Mo fẹ́ kọ ti àná kí n tó jẹun.

Rédíò fi mọ́tò gbé wa wálé, ó sọ̀rọ̀ láti ọsibítù dé ẹnu ọ̀nà. Oyíndà di apá mi mú, mò ń fi irin tí wọ́n fún mi rìn. Ó ti fọ ilé mọ́ tónítóní. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì pálọ̀, ó sì to gbogbo àwọn àwo mi sórí rẹ̀, bí ẹni tó pàtẹ ẹ̀bùn. Ó ní kí n jókòó kí n tó wò. Mo jókòó. Mo wò.

Góòlù etí Ìyàwó ti lọ, àfi bíńtín níbì kan. Pupa Aláṣejù ti di bíi ata lílọ̀ tí wọ́n bu omi là. Jẹ́jẹ́ — òdòdó búlúù yẹn, mi ò rí i. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ó wà, ìyẹn nìkan. Àlejò ti là sí méjì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ́ sómi. Ó mọ́. Gbogbo wọn mọ́ o! Wọ́n funfun bí eyín.

Oyíndà dúró, ó ń wo ojú mi. Ó ní ọ̀kan yẹn là fúnra rẹ̀, òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ lórí fóònù tàbí ní ọsibítù. Ó ní òun wá wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ àná, òun rí i pé wọn kì í fi irú wọn sí díṣíwọ́ṣà. Ohùn rẹ̀ ń kéré sí i. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ sọ òótọ́. Ṣé mo ti bà wọ́n jẹ́?”

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo ti la ẹnu láti sọ pé rárá. Rédíò gan-an dákẹ́, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Ó dìde láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi wá. Ariwo! Mo ní, “O ti bà wọ́n jẹ́! Gbogbo ẹ̀ pátá! Igba ọdún ni wọ́n ti wà láyé, ogun ò fọ́ wọn, òkun ò gbé wọn lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo lo lò pẹ̀lú wọn!” Mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Mo ní ṣé kò lójú ni. Mo sọ òmíràn tí mi ò ní kọ síbí. Rédíò yọ́ gba ẹ̀yìn jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìparí nìyẹn.

Oyíndà kúrò níwájú mi. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, báàgì rẹ̀ wà léjìká rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ purọ́ fún mi ní ọsibítù.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi dìde. Ẹsẹ̀ tuntun náà ń ta mí dé orí. Mi ò lè sáré tẹ̀ lé e, mi ò tiẹ̀ lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kó tó jáde. Ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mo ní, “Mi ò purọ́. Àwo ni wọ́n, ìwọ ni mo ní. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Oyíndà! Ó ń bí mi gidi! Ṣé mi ò lè bínú sí ẹ kí o má lọ ni? Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí n bínú tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi kí ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀?”

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń gbọ́ bí ilé ṣe máa dákẹ́.

Ó sọ báàgì kalẹ̀. Ó wá, ó mú mi jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ mi sórí pílò. Ó fa àga kan, ó jókòó síwájú mi, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sórí itan. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, “Ó yá, Mọ́mì. Ẹ máa bínú. Mo wà níbí.”

Mo bínú títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò lọ.